Orúkọ Ivelisse Ni Mo Kọ́kọ́ Kọ

Èmi ni mo kọ orúkọ Ivelisse Luis sílẹ̀ fún ìjọba pé ọmọ àlejò ni. Ẹnikẹ́ni ò gbé ìbọn sí mi lágbárí. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Bírò pupa ni mo fi kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣáájú nínú ìwé náà.

Ọmú kan náà lèmi àti Ivelisse mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ máa bú mi tó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ná.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ibà dá ìyá mi dùbúlẹ̀, tí omi ọmú rẹ̀ sì gbẹ. Jagual là ń gbé nígbà náà, batey kan láàárín oko, abúlé àwọn tó ń gé ìrèké fún ilé iṣẹ́ ṣúgà Santa Eduviges. Obìnrin kan tó wà ní ojúlé kejì sí wa, Silvani, ti bí ọmọbìnrin tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ó ní kí wọ́n gbé mi wá. Ivelisse lọ́tùn-ún, èmi lósì, oṣù mẹ́jọ gbáko.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni méjì tó bá mu ọmú kan ti di ọmọ ìyá. Wọn kì í fẹ́ ọmọ ara wọn, wọn kì í sì í jẹ́rìí tako ara wọn. Màmá Silvani ni mo ń pe obìnrin yẹn láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀.

Ará Haiti ni Màmá Silvani. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ sọdá ààlà wá sínú ìrèké. Bàbá àgbà tèmi náà wá ni. Ojú omi ló gbà, láti erékùṣù Nevis, tó wá ń koná sábẹ́ àwọn agbada ńlá tí wọ́n fi ń se omi ìrèké. Ìrèké kan náà ló pe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó dàgbà, "Cocolo" tí wọ́n fi ń bú àwọn bàbá wa tó ti erékùṣù wá ti di orúkọ oyè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ijó wa lọ́jọ́ ọdún. Ti ará Haiti ò yí padà rárá, àní kó jẹ́ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Àti pé, lórílẹ̀-èdè wa, ará Haiti nìkan ló ń jẹ́ adúláwọ̀. Àwa yòókù, bí a tilẹ̀ dú bí ìdí ìkòkò, "Íńdíò", ìyẹn aláwọ̀ pupa, ni wọ́n ń kọ sí káàdì ìdánimọ̀ wa. Mo dú ju Ivelisse lọ. Íńdíò ni mí nínú káàdì mi àtijọ́.

Lọ́dún 2013, ó ti di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀ ní ìlú wa. Akọ̀wé onígbà díẹ̀ ni mí. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ mi ṣe, bí ẹni ń lẹ táyà tó ti gbó. Lókè fèrèsé tí mo ti ń dá aráàlú lóhùn, àmì orílẹ̀-èdè wa wà lára ògiri: Ọlọ́run, Ilẹ̀ Baba, Òmìnira. Bíbélì kan ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀, níbi tí ó ti sọ pé òtítọ́ yóò sọ yín di òmìnira. Èmi ni mo máa ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìdájọ́ kan jáde ní olú-ìlú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí síbí, tí òbí rẹ̀ jẹ́ àlejò tí kò ní ìwé, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ì báà jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti bí i. Kò sí ibi tí wọn ò ti fa ọ̀rọ̀ náà. Mo dúró ra búrẹ́dì ní ìsọ̀ ìdí kọ́nà wa, ọkùnrin méjì ń bu ara wọn jẹ lórí rẹ̀.

"Ilé kan kì í gba gbogbo ayé," ni ọ̀kan wí. "Ẹni tó ní ilé ló ni kọ́kọ́rọ́."

"Ta ló kọ́ ilé ọ̀hún?" ni èkejì dá a lóhùn. "Ta ló gé ìrèké tó di ṣúgà tó wà nínú kọfí tó ò ń mu yẹn? Tú u dànù ná, ká rí i."

"Kọfí mi ni, màá mu ún."

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gba búrẹ́dì mi, mo bá tèmi lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ivelisse já wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú àwo súwíìtì àgbọn kan lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, bíi tèmi. Ó ti ń fọṣọ fún àwọn ènìyàn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ó sì ń ka ìwé tíṣà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ló fi kà á.

"Yoca!" ó ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ ìyá mi! Mo yege o! Ipò kẹta ni mo gbà ní gbogbo ẹkùn wa!"

Gbogbo ọ́fíìsì dìde. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Belarmino Tatis, tó jẹ́ pé orí nìkan ló fi máa ń kí ènìyàn, jáde wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Tíṣà! Tíṣà!" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n jẹ súwíìtì rẹ̀ tán pátá.

"Iléèwé ìjọba ti fún mi níṣẹ́," Ivelisse sọ fún mi lójú fèrèsé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Iṣẹ́ gidi, Yoca, tèmi títí dọjọ́ ogbó. Ìwé ìbí mi tó ní òǹtẹ̀ tuntun ló kù tí wọ́n ń bèèrè. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún mi. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba ipò kẹrin ló ni ín."

"Bébà òǹtẹ̀ ò tíì dé láti olú-ìlú," ni mo wí. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ yẹn. "Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé mo máa bẹ̀rù ni? Ìwọ ṣáà ló wà ní fèrèsé."

Ó lọ. Mo jókòó, mo dìde. Mo tún jókòó. Iṣẹ́ gidi. Títí dọjọ́ ogbó. Ọmọ Silvani. Èmi tí mo ti jókòó sídìí tábìlì kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án, tí mo ń wọ bàtà gíga wá síbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò bọ̀ mí lọ́wọ́ rí.

Mo ti fi oríṣìíríṣìí orúkọ bo ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn mọ́lẹ̀. Ìlara ni. Kò ní orúkọ mìíràn.

Ọjọ́ kẹta ni Ọ̀gá Tatis pè mí wọlé, tó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Yocasta, ọmọ batey ni ọ́, àbí?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí a ti kúrò."

"Mi ò bú ọ o. Ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ sí àwọn ìwé ńlá tó tò sára ògiri. "Olú-ìlú fẹ́ orúkọ àwọn ọmọ àlejò. Mo wo ìwé, ojú ń ro mí. Luis, Carlos, Pedro. Gbogbo rẹ̀ ti jọ tiwa. Báwo ni n óò ṣe dá ọmọ ará Haiti mọ̀ nínú ìwé?"

Mo gbé ojú sí àwọn ìwé náà.

"Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni," ó tẹ̀ síwájú. "Ará Haiti ló ń dáná nílé mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó sì kù díẹ̀ kí n gbàgbé: àyè akọ̀wé gidi kan máa ṣí lóṣù Kìíní. Àwọn méjì ti mú ọmọ àbúrò wọn wá. Èmi fẹ́ fi orúkọ ẹni tó bá ran ọ́fíìsì lọ́wọ́ ránṣẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ nǹkan kan. Ohun tó rọrùn jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣí àwọn ìwé yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì mọ ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀.

"Ẹ wo etí ojú ìwé, ọ̀gá," ni mo wí.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹni tí kò ní káàdì ìdánimọ̀ láyé àtijọ́, tó bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀, káàdì ilé iṣẹ́ ṣúgà ló máa ń mú wá. Wọ́n máa ń fi bírò pupa kọ nọ́ńbà káàdì náà sí etí ojú ìwé. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà pupa, òbí yẹn ò ní ìwé nìyẹn."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá tábìlì.

"Orí rẹ mà pé o! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé wúrà pamọ́ sídìí fèrèsé! Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi bí o ṣe sọ ọ́ yẹn, kí o sì fi àpẹẹrẹ kan sí i, kí wọ́n lè lóye rẹ̀."

Àpẹẹrẹ kan. Mo ní orúkọ tó lé ní igba lórí. Mo gbé bírò pupa, ọwọ́ mi lọ tààrà síbi tí ọkàn mi ti ń sáré lọ láti ọjọ́ mẹ́ta: *Luis, Ivelisse. Orúkọ rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n ará Haiti ni Silvani, ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa.*

Mo sọ fún ara mi pé àpẹẹrẹ lásán ni. Mo ní wọ́n á dá ìwé rẹ̀ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ivelisse padà wá ní ọjọ́ kẹwàá. Bébà òǹtẹ̀ ti dé. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa kan fò jáde: *Ó wà lábẹ́ ìwádìí.*

"Kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́," ni mo wí.

"Ó ṣiṣẹ́ fún ìyá tó ṣáájú mi."

"Tìrẹ ni kò ṣiṣẹ́. Ṣe sùúrù, Ive."

Ó padà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo ti ní kí ẹlòmíràn gba fèrèsé lọ́wọ́ mi, mo lọ sá sínú yàrá ìwé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó wà ní fèrèsé sọ òótọ́ fún un: wọ́n ti dá ìwé rẹ̀ dúró, wọ́n fura pé ọmọ àlejò ni.

"Àlejò ibo?" ni mo gbọ́ tó bèèrè. "Àlejò ní Jagual? Mi ò rí ibòmíràn rí láyé mi!"

Ọjọ́ náà ló dúró dè mí lẹ́yìn iṣẹ́, lábẹ́ igi àlímọ́ńdì tó wà níwájú ọ́fíìsì. Kò sunkún. Inú ló ń bí i.

"Ẹnì kan ló tà mí, Yoca."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyá mi." Ó tẹ ìka mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Luis ló wà nínú ìwé mi. Ẹgbẹ̀rún Luis ló wà ní ìlú yìí. Ta ló yọ mí nínú wọn? Ẹni tó mọlé wa ni. Bá mi wá a. Ìwọ lo wà nínú ilé yẹn, bá mi wá ẹni náà."

"Màá wá a," ni mo wí.

Ó dì mọ́ mi. Ó ní Màmá kí mi, pé kí n wá jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ìdí mi ò balẹ̀ mọ́ lórí àga. Bí mo bá jókòó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, màá dìde lọ to ohun tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, màá máa yí pápá ìlú ká, ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, títí tí ẹni tó ń dán bàtà níbẹ̀ fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan yín ló sọnù ni?" Mo bẹ Ọ̀gá Tatis pé kó jẹ́ ká yọ orúkọ kan. Ó ní orúkọ wo. Mo dárúkọ rẹ̀.

"Tíṣà?" ó ní. "Ìwọ ṣáà lo kọ ọ́. Ìwé ti lọ. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti olú-ìlú. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, ìwé iṣẹ́ rẹ náà wà lọ́nà."

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, olùbẹ̀wò dé. Arelis Montás lorúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ìgò ojú mọ́ ọrùn. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í gba kọfí. Ó bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ bákan náà, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó mú ìwé tí mo kọ náà dání láti olú-ìlú, ó wọ yàrá ìwé lọ, ó ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo ń sọ yìí. Ní àárọ̀, Ọ̀gá Tatis fi àpòòwé kan sórí tábìlì mi, ó ṣẹ́jú sí mi. Ìwé iṣẹ́ gidi ni. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé e sínú àpò mi, mo tún yọ ọ́.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tí wọ́n dá ìwé wọn dúró wá gba lẹ́tà. Ivelisse wà ní àárín ìlà, ó wọ aṣọ funfun tó fẹ́ wọ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó juwọ́ sí mi.

Ìyáàfin Montás dúró lábẹ́ àmì orílẹ̀-èdè, ó fi ìgò ojú sójú.

"Ẹni tí mo bá pè, kó jáde wá fọwọ́ síwèé. Kò sí ìbéèrè títí n óò fi pè wọ́n tán."

Ó ń pè wọ́n ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí ìwé ṣe tò wọ́n. Bàbá arúgbó kan tó ti ń wọn ìrèké láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi màlúù kó o. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé oyún. Sójà kan tó ti fẹ̀yìntì. Ó pe Ivelisse. Ivelisse jáde, ó fọwọ́ síwèé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Hodge Peguero, Yocasta."

Mo rò pé iṣẹ́ ló fẹ́ rán mi. Mo dìde, mo ní, "Mo wà níbí, mà."

"Ẹ wá fọwọ́ síwèé."

Ọ̀gá Tatis rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ìyáàfin. Àṣìṣe nìyẹn. Akọ̀wé wa ni. Cocolo ni wọ́n."

"Cocolo," ni Ìyáàfin Montás wí. "Ṣé ìwé ìrìnnà ni Cocolo?"

"Ohun tí mo ń wí ni pé, gbogbo ayé mọ̀ wọ́n. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n."

"Ìwé kẹrìnlá, ojú ewé ọgọ́ta," ó ní, kò gbóhùn sókè. "Wilfredo Hodge, ọdún 1944, bàbá akọ̀wé yìí. Ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bàbá rẹ̀, ará Nevis ni, kò ní ìwé kankan ju káàdì ilé iṣẹ́ ṣúgà lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé ní etí ojú ìwé, ní pupa. Bí a bá dá ti bàbá dúró, ti ọmọ dúró nìyẹn. Òfin tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ kò sọ pé kí n fo ẹnikẹ́ni."

Ìwé kẹrìnlá. Ọwọ́ mi ti kan ìwé yẹn ju ìgbà tí mo lè kà lọ. N kò ṣí i dé ojú ewé ọgọ́ta rí. Kí ni màá lọ wá níbẹ̀? Ṣebí tiwa ni wá.

Ẹnì kan láti ìdí ìlà pariwo: "Ẹ wò ó! Íńdíò ti di dúdú!"

"Ẹ kí i káàbọ̀ sí Haiti o!"

Ẹ̀rín bú sókè nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó wá dúró níwájú mi, tó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń dá màlúù padà, Ivelisse ni.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ó pariwo mọ́ wọn. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ṣé kò tó bí wọ́n ṣe ṣe wá ni?" Ó kọjú sí olùbẹ̀wò. "Ìyáàfin, ẹ má bínú. Obìnrin yìí ti sin ìjọba ní ilé yìí fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ìyá mi ni. Ta ló kọ irú òfin burúkú bẹ́ẹ̀? Nọ́ńbà pupa! Ta ló jókòó ro irú rẹ̀?"

"Ive," ni mo wí. "Ive, ó tó."

"Kò tó!"

Ìyáàfin Montás wo èmi, ó wo Ivelisse. Mo rò pé ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó ṣe iyèméjì. Ó wá gbé bébà mi sókè.

"Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́," ó ní. "Ìwé ọwọ́ rẹ̀ rèé."

"Irọ́ ni."

"Ṣé kí n kà á?"

"Ẹ kà á."

Ó kà á. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ka ti etí ojú ìwé, ó ka ti káàdì ṣúgà. Ó wá dé ibi àpẹẹrẹ. "Luis, Ivelisse. Orúkọ rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n ará Haiti ni Silvani, ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa."

Ó ká bébà náà, ó sì bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

Ivelisse yí padà sí mi. Mo ń retí pé kó gbá mi létí. Mo tiẹ̀ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"O mọ̀ wá dáadáa," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Dáadáa wo, Yoca?"

Ó ká lẹ́tà rẹ̀ sí mẹ́rin, ó gba àárín èrò kọjá. Ẹni tó pariwo lẹ́ẹ̀kan ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo fọwọ́ síwèé tèmi. Bírò pupa ni wọ́n fún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Jagual. Ẹni tó mọ ojú ọ̀nà náà mọ̀ pé ìrèké ló wà lọ́tùn-ún, ìrèké ló wà lósì, kò sí ibi tí ènìyàn lè wojú sí. Màmá Silvani jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni nígbà náà. Ivelisse ò sí nílé, tàbí kó wà nínú yàrá, mi ò mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyáàfin akọ̀wé," ni Màmá Silvani wí.

Ó bọ́ sínú ilé lọ sè kọfí. Ife tánńganran kan wà nínú ilé yẹn, etí rẹ̀ búlúù, ó ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tèmi ni láti ìgbà tí mo ti lè di ife mú. Bí mo bá dé, kódà lẹ́yìn ọdún méjì, òun ni wọ́n máa fi fún mi ní kọfí. Mo rí i tó so kọ́ sára ìṣó.

Ife dídán tí wọ́n ya òdòdó sí lára, tó ní àwo lábẹ́, ló gbé wá fún mi. Ife tí wọ́n fi ń ṣe pásítọ̀ àti dókítà lálejò.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí."

"Mi ò mọ̀ pé ó máa dé ibi tó dé."

"O mọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní "ìwọ" lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ẹ̀wà inú àwo rẹ̀. "O mọ̀ fún Ivelisse. Fún ara rẹ ni o kò mọ̀. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, àjà ni wọ́n fi í sí. Bàbá àgbà rẹ jẹ pàṣán yẹn dáadáa. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi ọwọ́ bo ojú bó bá rí ọlọ́pàá."

"Màmá..."

"Nígbà tí wọ́n gbé ọ wá, o kéré tó báyìí." Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ẹkún rẹ ò jáde mọ́. Mi ò bèèrè ìwé bàbá àgbà rẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó padà sórí ẹ̀wà rẹ̀. Mo mu kọfí náà tán, nítorí kò ṣeé fi sílẹ̀. Mo dá ife padà sórí àwo. Mo lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi mí léèrè ohun tí mo kọ́, ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìlà kan wà láàárín àwa àti àwọn, pé Ọlọ́run ló fà á. Èmi ni mo fà á, pẹ̀lú bírò ọ́fíìsì, nítorí ìlara súwíìtì àgbọn. Ìlà yẹn ò sì mọ ẹni tó fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù, kí ẹ má baà rò pé wọ́n fìyà jẹ mí tó. Ìwé tèmi ò dúró ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ọ̀gá Tatis pe ẹnì kan ní olú-ìlú. Ẹni náà pe ẹlòmíràn. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ mi pé: "Ìdílé Cocolo, a mọ̀ wọ́n sí ẹni rere, kí wọ́n dá a padà." Mo lọ gbà á. Mo dúró lábẹ́ Bíbélì tó ṣí sílẹ̀ yẹn, mo na ọwọ́, mo gbà á.

Ìwé iṣẹ́ gidi tí wọ́n fún mi ni mo dá padà. Ọmọ àbúrò ẹnì kan ló wà níbẹ̀ báyìí. Lóṣù Kejì, mo bá lọ́yà tó ń ja ẹjọ́ ìwé náà fún Ivelisse lọ sí olú-ìlú, mo fi Bíbélì búra pé Jagual ni wọ́n bí i sí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú mi, àti pé ọmú ìyá rẹ̀ ni mo mu yè. Akọ̀wé tó gba ẹ̀rí náà sílẹ̀ bi mí bóyá mo ní ìwé tó fi hàn pé mo mu ọmú. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àyè kan wà fún un nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni.

Ẹni tó gba ipò kẹrin ló gba iṣẹ́ tíṣà. Ivelisse ṣì ń fọṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Jagual ní ìwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Màmá Silvani kú ní ọdún tó kọjá. Mo dúró lẹ́yìn èrò níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ìwé ìbí Ivelisse Luis ṣì wà lábẹ́ ìwádìí. Ọdún kẹrin rèé.